Ẹjọ́ Lórí A Kan Ṣoṣo

Lẹ́yìn ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá ni Àǹtí Jemimah ti ń tẹ ìwé fún aráyé: kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, bẹ́ǹṣì kan, àti ìmọ̀ tí kò lópin. Ohun tí obìnrin yìí kò bá mọ̀, ó máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé, ó sì di òótọ́. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ó rí ọkùnrin kan tó dúró ṣánṣán sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, fáìlì lábẹ́ abíyá, kò wọlé, kò sì lọ. Nígbà tó di ogójì ìṣẹ́jú, ó jáde lọ bá a.

"Ọ̀gá mi, ṣé ẹ ń dúró de ẹnì kan ni?"

"Rárá, mà. Ẹ̀yin ni mo wá bá."

"Kí ló dé tí ẹ ò wọlé?"

Ọkùnrin náà na ìka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ló wà lára rẹ̀: E MA WOLE.

"Wọ́n ní kí n má wọlé."

"Ẹ máa wọlé ló wà níbẹ̀."

"A kan ló wà níbẹ̀, mà."

Àǹtí Jemimah wo ìwé, ó wo ọkùnrin. Ó gbà pé oòrùn ló ti mú un. Ó fà á lọ́wọ́ wọlé, ó fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó já omi inú ọ̀rá fún un.

"Ó dáa. Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"

"Ìdí mi ni, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́?"

"Ìdí mi ni mo fẹ́ kí wọ́n yí padà. Èyí tí wọ́n fún mi kò dára."

Àǹtí Jemimah rọra sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Ọ̀gá mi, ilé oògùn ló wà ní òdìkejì títì yẹn. Èmi, ìwé ni mò ń tẹ̀."

"Ìwé náà ló gbé mi wá. Mo fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn."

"Ọrùn náà tún ń dùn yín?"

"Ọrùn kọ́, mà. Ìdí ni."

"Láti ọrùn dé ìdí. Ẹ̀yin gan-an ò tiẹ̀ yẹ lẹ́ni tó ń dúró nínú oòrùn."

Ọkùnrin náà dìde, ó nà tantan, ó pa gìgísẹ̀ pọ̀. Ó ní Kápítéènì Níyì Abọ́dúndé lorúkọ òun, ọdún mẹ́rìnlá lòun fi ṣe iṣẹ́ sójà. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi ìwé kan lé òun lọ́wọ́, ìwé náà ló sì lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó yọ ọ́ nínú fáìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀.

Àǹtí Jemimah wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí agbẹjọ́rò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ sókè: "Ìdí tí a fi lé e: àìgbọràn sí àṣẹ ọ̀gá. Hẹ̀n-ẹ́n. Ìdí yìí."

"Òun náà ni, mà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá lé láàárín Yábàá sí Múṣin, ọwọ́ mi ni ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn ti ń jáde. Wọ́n lé akọrin kan ní Ọ̀yìngbò, mo kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta, wọ́n gbà á padà."

"Ó ṣì ń kọrin, mà?"

"Wọ́n tún ti lé e. Ohùn rẹ̀ ni kò dára. Lẹ́tà dára. Ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ fẹ́ gba tiyín?"

"Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún mi. Òní ló pé ọgbọ̀n. Wọ́n ní kí n fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì kí aago mẹ́rin tó lù. Akọ̀wé wọn, Ọmọ́ṣaléwá, gba nọ́ńbà fóònù mi. Ó ní òun máa fi tẹ́ẹ̀sì dá mi lóhùn."

"Aago méjì ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wá dúró síta fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko?"

"Àkọlé yín ni, mà."

Àǹtí Jemimah gbé ọ̀rọ̀ àkọlé mì. Ó bi í bóyá iṣẹ́ sójà ló fẹ́ padà sí. Kápítéènì ní rárá, òun ti gbà pé iṣẹ́ ti tán. Ìdí yẹn nìkan lòun fẹ́ kí wọ́n yí.

"Kí ló wá kàn yín nínú ìdí? Ẹ ká a, ẹ jù ú sísàlẹ̀ àpótí."

"Màmá mi fẹ́ gbé e kọ́ ògiri."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Màmá Edith Abọ́dúndé ń gbé ní Súrùlérè. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọ̀tún, pàṣán lọ́wọ́ òsì. Kápítéènì kò lẹ́nu láti sọ òótọ́ fún un, ó ní òun ti fẹ̀yìn tì. Ẹnu ọ̀nà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ìròyìn náà gbà dé ìgboro. Màmá ti mú ọjọ́ ìdúpẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ó ti ra gíláàsì àti igi tí wọn yóò fi dè é, ó sì ti ní kí àlùfáà ka ìwé náà sétí ìjọ, látòkè dé ìsàlẹ̀.

"Títí kan ìdí?" ni Àǹtí Jemimah béèrè.

"Títí kan ìdí." Kápítéènì wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ń dùn mí, Àǹtí. Mi ò pẹ́ débi iṣẹ́ rí, mi ò gbó ọ̀gá lẹ́nu rí. Láàárọ̀, kí n tó bọ́jú, mo máa ń ka ìwé yẹn bí ẹni pé ó ti lè yí fúnra rẹ̀. Ọmọ tí Màmá mi fi pàṣán kọ́ ní ìgbọràn, òun ni wọ́n wá kọ ọ́ sí lára pé kò gbọ́ràn."

Inú Àǹtí Jemimah bàjẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ìbànújẹ́ dí òun lọ́wọ́ iṣẹ́.

"Ẹ ṣàlàyé. Kí ni àṣẹ tí ẹ kò gbọ́?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ni àṣẹ tí ẹ gbọ́?"

"Àwa mẹ́fà la ń ṣọ́ afárá kan lókè ọ̀hún. Rédíò wa ti kú. Ọ̀gá wa, Méjọ̀ Kọ́lápọ̀, wá fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí fóònù mi. Yorùbá ló fi kọ ọ́ kí ọ̀tá má baà gbọ́." Ó na fóònù rẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: E ma bo.

"Ẹ máa bọ̀," ni Àǹtí Jemimah kà, kíá.

"Ẹ má bọ̀," ni Kápítéènì kà.

Wọ́n wo ara wọn.

"Ta ló ń fi tẹ́ẹ̀sì sọ fún èèyàn pé kó má bọ̀?"

"Ẹni tí kò fẹ́ kó bọ̀, mà."

"Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́? Ṣé bí ẹ ṣe kà á ni wọ́n kà á?"

"Kálukú ló kà á bó ṣe yé e. Kọ́pùrà Olúwajùwọ́n tó ń dáná fún wa ní 'Ẹ máa bó' ló wà níbẹ̀. Ó ti bó odidi ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán kí n tó dé ìdí iná. Sájẹ́ǹtì Ẹ̀bùn ní 'Ẹ máa bò' ni, ó fi tápólì àti ewé bo ọkọ̀ wa. Ó bò ó dáadáa débi pé àwa fúnra wa wá a títí. Èyí tó kéré jù nínú wa, Jude, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó bi mí pé kí ni ọ̀gá wí."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kó máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Àǹtí Jemimah bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ọjọ́ mélòó lẹ lò níbẹ̀?"

"Ọjọ́ mọ́kànlá, kí ọkọ̀ tó wá kó wa. Ọjọ́ kejì tẹ́ẹ̀sì yẹn ni ọ̀gá pátápátá wá bẹ bárékè wò. Èmi ló yẹ kí n gbé àsíá. Ọ̀gá pátápátá dé, àsíá dé, èmi ò dé."

"Ta ló wá gbé e?"

"Méjọ̀ Kọ́lápọ̀ fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́, àsíá bò ó lójú, ó kọlu àga àlejò."

"Ó bò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Sájẹ́ǹtì Ẹ̀bùn ní òun ṣáà ti wí."

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè ọlọ́gbọ́n kan. Kí ló dé tí ẹ ò fi tẹ́ẹ̀sì bi Méjọ̀ pé, 'Ọ̀gá, ṣé kí a bọ̀ àbí kí a má bọ̀'?"

Kápítéènì wò ó bí ẹni pé ó bú baba rẹ̀. "Sójà kì í bi àṣẹ léèrè."

"Láéláé?"

"Láéláé. Wọ́n á ní dúró, o dúró. Wọ́n á ní má bọ̀, o ò bọ̀. Bí sójà bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ó ti di ará ilé nìyẹn."

Àǹtí Jemimah yí àga rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó ra ọwọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le, irọ́ kékeré kan ló kù kí ó dọ́gba.

"Ká kọ ọ́ pé orí ń fọ́ yín lọ́jọ́ yẹn."

"Orí mi ò fọ́."

"Ká ní tẹ́ẹ̀sì ò dé."

"Ó dé."

"Ká ní ojú yín ò ríran dáadáa."

"A kan ló wà níbẹ̀, A kan ni mo rí. Ojú mi ríran ju ti Méjọ̀ lọ."

"Kápítéènì, ṣé ẹ fẹ́ jàre ni, àbí ẹ fẹ́ sọ òótọ́?"

"Ṣé wọn kì í ṣe nǹkan kan náà ni, mà?"

"Ẹ ti pẹ́ nínú igbó." Ó dẹ̀yìn lé àga. "Ẹ gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń kọ A méjì lórí fóònù. Gbogbo ayé ló ń kọ 'ma'. Ó máa ń yé èèyàn."

"Màmá mi ní A kan, ìkìlọ̀, A méjì, ìtẹ̀síwájú. Ó fi pàṣán kọ ọ́ sí mi lẹ́yìn."

"Màmá yín kọ́ ló ń kọ tẹ́ẹ̀sì fún aráyé. Ẹ wò ó, àbúrò mi Lydia ló bá mi jà láàárọ̀ yìí, èmi ni mo fi tẹ́ẹ̀sì yìí ránṣẹ́ sí i." Ó gbé fóònù rẹ̀ sí i lójú. "Ma binu. Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Ṣé ẹ ní kó máa bínú lọ ni?"

"Mo ní kó má bínú."

"A mélòó lẹ kọ?"

"Ọ̀kan."

"Ó sì bínú?"

"Kò bínú. Ó ti ní òun máa gbé ẹ̀wà wá fún mi lálẹ́."

"Ó mọ̀wé kà nìyẹn, mà."

Àǹtí Jemimah gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wo tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀, ó wo ti Méjọ̀, ó tún wo tirẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ jàre," ló sọ níkẹyìn, wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Mà?"

"Mo ní ẹ jàre. Ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé. Ìka rẹ̀ ń sáré. Gẹ̀ẹ́sì tó ń tú jáde le débi pé Kápítéènì dìde dúró fún un. Kò pẹ́, ìka náà dúró.

"Ohun kan wà tí mo gbàgbé láti sọ fún yín," ni Àǹtí Jemimah wí.

"Kí ni, mà?"

"A mi ò ṣiṣẹ́."

Kápítéènì rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Àǹtí Jemimah fi hàn án. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tó wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sórí bọ́tìnì náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá tẹ A, ó lè yọ ọ̀kan, ó lè má yọ rárá. Bí inú rẹ̀ bá wá dùn, ó lè yọ méje lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ohun tó ṣe àkọlé ẹnu ọ̀nà yín nìyẹn."

"Mo tẹ méjì, ó yọ ọ̀kan. Mo ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀, ó yé èèyàn."

"Kò yé mi, mà."

"Ó yé gbogbo ẹni tí kì í ṣe sójà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní A nínú pọ̀ lọ jàra, màá máa yà fún un lọ́nà."

"Àǹtí, ẹjọ́ tí mo mú wá fún yín, A ni. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. A ni látòkè délẹ̀."

Ó tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ jáde kí wọ́n lè wò ó. Kápítéènì kà á, ojú rẹ̀ sì le.

"Ta ni Bọ́dúndé?"

"Ẹ̀yin ni."

"Abọ́dúndé lorúkọ baba mi. Ẹ ti gé e lórí."

Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò sí ọ̀nà kan. Wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún gbogbo A, Kápítéènì á sì fi bírò kọ ọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ìwé lé orúnkún, ó ń kọ A bí ẹni tó ń gbin àgbàdo. Ó ti kọ A mọ́kàndínlọ́gọ́ta nígbà tí Àǹtí Jemimah ka ìlànà ìgbìmọ̀ tó wà nínú fáìlì dé ìlà tó kẹ́yìn, ó sì fi ìka sí i.

"Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé èdè mìíràn ló fa ẹjọ́, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí nínú èdè náà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ìtumọ̀ rẹ̀. Ó dáa. Èmi ni màá jẹ́rìí. Yorùbá wọ̀ mí dé mùdùnmúdùn."

Kápítéènì yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má wo ilẹ̀kùn."

"Mi ò sọ nǹkan kan, mà."

"Ó dáa, kì í ṣe èmi. Ta lẹ mọ̀ ní ìlú yìí tó gboyè nínú Yorùbá, tí ọ̀rọ̀ A yìí sì yé, tó lè kọ̀wé sí wa láàárín wákàtí kan?"

Kápítéènì fi ìdérí dé bírò, ó ṣí i, ó tún dé e. Àǹtí Jemimah wò ó títí, ó sì yé òun náà.

"Yéè, Màmá yín," ló wí.

"Mi ò lè pè é, mà."

"Aago mẹ́ta ti kọjá mẹ́wàá."

"Ó ti ra gíláàsì."

"Bí ẹ ò bá pè é, ìdí yìí ni wọn yóò kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù tó ń bọ̀. Nítorí Màmá lẹ ṣe ń pẹjọ́. Ẹ kàn jẹ́ kó bá yín dá sí ẹjọ́ ara rẹ̀ ni."

Ọkùnrin tó dúró lórí afárá fún ọjọ́ mọ́kànlá ṣi nọ́ńbà ìyá rẹ̀ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè é. Ó dìde dúró kí Màmá tó gbé e.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. ... Bẹ́ẹ̀ ni, mà, mo ti jẹun. ... Màmá, mi ò fẹ̀yìn tì. ... Wọ́n lé mi ni. ... Bẹ́ẹ̀ ni, mà. ... Bẹ́ẹ̀ ni, mà. ... Wọ́n ní mi ò gbọ́ràn."

Àǹtí Jemimah, tí ọ̀rọ̀ kò kàn, di àga rẹ̀ mú.

"E ma bo ni wọ́n kọ, mà. ... A kan. ... Ó dá mi lójú, mà. ... Rárá, kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. ... Méjọ̀ Kọ́lápọ̀. ... Mi ò mọ ilé ìwé tó lọ, mà. ... Bẹ́ẹ̀ ni, etí rẹ̀ tóbi díẹ̀. ... Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé."

Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Àǹtí Jemimah béèrè.

"Wọ́n ní èmi ò fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn ni wọ́n ti tì mí. Wọ́n ní bí mo bá tún purọ́ fún àwọn, àwọn á gbàgbé pé mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì. Wọ́n ní kí n má kúrò níbi tí mo wà."

"A mélòó?"

"Wọ́n fi ẹnu sọ ọ́, mà. Ó yé mi."

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí fọ́tò kan fi wọlé sórí wásáàpù. Ìwé tí Màmá fọwọ́ kọ ni, lẹ́tà rẹ̀ rèǹtèrente, àmì ohùn dúró lórí gbogbo ọ̀rọ̀ bí adìyẹ lórí òrùlé. Àǹtí Jemimah kà á sókè:

"Èmi, Edith Abọ́dúndé, tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ni ní èdè Yorùbá, jẹ́rìí pé 'ma' tó ní A kan kì í pe ènìyàn wálé. Ẹni tí a bá kọ ọ́ sí, tí ó sì bọ̀, òun gan-an ni kò gbọ́ràn. Ọmọ mi gbọ́ràn. Ẹni tó kọ àṣẹ náà kì í ṣe àlejò sí mi. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún, etí rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ lórí 'má' àti 'máa' ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ títí di òní. Ẹ bá mi gbà á."

Kápítéènì gba fóònù, ó wá ibì kan nínú ìwé náà, ó fi ìka sí i. Ọmọ mi gbọ́ràn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Omi lé ròrò sí i lójú, kò sì nù ún.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gíláàsì yẹn de èyí," ni Àǹtí Jemimah wí jẹ́jẹ́.

"Òun náà lèmi ń rò, mà."

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìwé ìlélọ, fọ́tò tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rí Màmá, àti lẹ́tà tó ní A ọgọ́fà tí wọ́n fọwọ́ kọ. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ímeèlì náà lọ. Àǹtí Jemimah mí kanlẹ̀. Ó mú bírò Kápítéènì, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ki A kan bọ àárín A àti W lára àkọlé rẹ̀. A náà tín-ín-rín, ó sì wọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

"Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn báyìí?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, mà. Ó ku àmì tí ẹ máa fi sábẹ́ E iwájú àti O."

"Ẹ má tán mi ní sùúrù."

Kápítéènì ti fẹ́ máa lọ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì.

"Àwọn ni. Ọmọ́ṣaléwá, akọ̀wé ìgbìmọ̀."

"Kíá báyìí? Wọ́n ti ka lẹ́tà mi nìyẹn. Kí ló kọ?"

Ó na fóònù sí i. Àǹtí Jemimah fi gíláàsì ojú wò ó, ó bọ́ gíláàsì ojú, ó tún wò ó. A ti ri leta yin. E ma bo lola, aago mesan.

"Ọlọ́run mi," ló wí.

"A kan ni, àbí ojú mi ni?"

"A kan ni. Ṣùgbọ́n Kápítéènì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo orí. Ó dá aago. Ta ló ń dá aago fún ẹni tí kò fẹ́ rí?"

"Ó lè jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án ni wọn ò fẹ́ mi. Bóyá aago mẹ́wàá dára."

"Ẹ máa bọ̀ ni."

"Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló lé mi nígbà àkọ́kọ́, mà."

Ó gba fóònù rẹ̀ padà. Ó wo tẹ́ẹ̀sì náà títí, ó wo ẹ̀rí Màmá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò kan tẹ nǹkan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Àǹtí Jemimah na ọrùn kọjá èjìká rẹ̀.

"Kí lẹ ń kọ sí wọn?"

"A mélòó."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, tí ẹ ní sójà kì í bi àṣẹ léèrè?"

Kápítéènì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ó ki fóònù sápò, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé.

"Sójà ni kì í béèrè, Àǹtí. Èmi, wọ́n ti lé mi."